Ọyẹ́ mú omi ẹja àrọ̀: ẹyin pẹ́ kí ó tó pa, ọmọ tí ó pa kò sì dọ́gba

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹja àrọ̀ ni mo ń sìn, ọdún kẹta mi sì nìyí lẹ́nu iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọdún yìí ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti máa pa ọmọ ẹja fúnra mi dípò kí n máa rà á. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ kíkankíkan, mo gún ìyá ẹja méjì ní abẹ́rẹ́ tí ń mú kí ẹyin pọ́n ní aago mẹ́wàá alẹ́, mo sì fún ẹyin wọn jáde ní aago mẹ́jọ àárọ̀, nítorí ẹni tí ó kọ́ mi níṣẹ́ sọ fún mi pé wákàtí mẹ́wàá ni. Ẹyin náà kò tú jáde wọ́ọ́rọ́ bí mo ṣe máa ń rí i níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́. Mo ní láti tẹ ikùn wọn gan-an, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì bá a jáde. Mo po àtọ̀ akọ mọ́ ọn, mo tẹ́ ẹ sórí nẹ́ẹ̀tì nínú táńkì onísìmẹ́ńtì, mo sì ń retí pé kí ó pa láàárín ọjọ́ kan. Ọjọ́ kan kọjá, n kò rí nǹkan kan. Ó di ọjọ́ kejì kí n tó rí ìrù tí ń mì, nígbà náà sì ni ẹyin tí ó ti funfun tí ó hu irun bí òwú ti lé ní ìdajì.

Àwọn tí ó pa náà kò dọ́gba. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn kan ti tóbi tó ìlọ́po méjì àwọn yòókù, wọ́n sì ti ń gbé ẹlẹgbẹ́ wọn mì. Àwọn mìíràn wà tí ẹ̀yìn wọn wọ́, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ yí po lójú kan. Oúnjẹ tí ó wọ́n jù ni mo fún wọn. Mo ti ń múra láti lọ bá ẹni tí ó ta abẹ́rẹ́ fún mi jà, nítorí ọkàn mi sọ pé oògùn rẹ̀ ti bàjẹ́. Kí n tó lọ, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi wò ó: níbo ni mo ti ṣì í?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkòròdú

Ọmọ mi, má tíì lọ bá ẹnikẹ́ni jà. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì rí i kí o sọ iye tí omi rẹ wà lórí tẹmómítà. O sọ aago, o sọ oúnjẹ, o sọ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n o kò sọ̀rọ̀ ìgbóná omi, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó ń darí gbogbo ìyókù.

Wákàtí mẹ́wàá tí ọ̀gá rẹ sọ kì í ṣe irọ́, àmọ́ wákàtí mẹ́wàá jẹ́ ti ìyá ẹja tí ó wà nínú omi dígírì 26. Mo ní ìwé kan tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri láti ìgbà tí mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, ohun tí ó wà níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ọ. Láti ìgbà tí a bá gún ìyá ẹja títí di ìgbà tí ẹyin rẹ̀ yóò pọ́n, nǹkan bí wákàtí 7 ni bí omi bá wà ní 30, wákàtí 8 ní 28, wákàtí 12 ní 24, wákàtí 15 àti ààbọ̀ ní 22, bí ó bá sì wọ 20, wákàtí 21 ni. Bákan náà ni ti ẹyin tí ó ti gba àtọ̀: yóò pa láàárín nǹkan bí wákàtí 20 nínú omi dígírì 30, wákàtí 22 nínú 28, wákàtí 27 nínú 25, wákàtí 38 nínú 22, àti wákàtí 57 nínú omi dígírì 20. Abẹ́rẹ́ kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí òmíràn, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ nìyẹn.

Nítorí náà, bí omi ìyá ẹja rẹ bá wà ní 22 lóru ọjọ́ yẹn, ẹyin tí kò tíì pọ́n ni o fi tipátipá fún jáde. Ẹ̀jẹ̀ tí o rí ni ẹlẹ́rìí. Lọ wọn omi náà ní ìdájí ọ̀la, kí o tún wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán, kí o wá sọ fún wa.

Ọmọ Odò Ògùn

Èmi a máa gbé ìkòkò ńlá kaná lálẹ́, n ó sì da omi gbígbóná náà sí táńkì kí n tó lọ sùn. Kò ní wàhálà kankan nínú.

Bàbá Alárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí omi gbígbóná náà bá kọ́kọ́ kàn nínú táńkì, ẹyin ibẹ̀ ti sè kí ó tó pò mọ́ ìyókù, àwọn tí ó wà ní igun kejì kò sì ní mọ̀ pé a bu nǹkan kan. Yàtọ̀ sí èyí, omi tí ó gbóná lẹ́ẹ̀kan náà ní aago mẹ́wàá alẹ́ yóò tún tutù kí ó tó di aago márùn-ún ìdájí, ìyẹn ni pé ẹ ti mú ọmọ ẹja gun òkè, ẹ sì tún mú un sọ̀ kalẹ̀ ní òru kan ṣoṣo. Ìgòkè-ìsọ̀kalẹ̀ yìí burú ju òtútù tí ó dúró lójú kan lọ, nítorí àsìkò tí ẹ̀yìn ọmọ ẹja ń tò jọ ní egungun kọ̀ọ̀kan ni ẹ ń dà á láàmú.

Ohun tí mo máa ń ṣe nígbà tí n kò tíì ní iná tí ó dúró ni pé mo máa ń rọ omi gbígbóná sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25, n ó dé e pinpin, n ó sì gbé e sínú táńkì kí ó máa lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí táńkì yín bá gba lítà 500, tí omi rẹ̀ sì wà ní 23, kẹ́ẹ̀gì kan tí omi inú rẹ̀ wà ní 80 kò lè gbé e kọjá 25 àti díẹ̀, àní bí afẹ́fẹ́ kò bá tilẹ̀ jí nǹkan kan mú nínú ooru náà. Ní ti ẹ̀rọ kékeré tí a ń rì sínú omi láti mú un gbóná, èyí tí ó jẹ́ wáàtì 300 yóò lo nǹkan bí wákàtí méjì kí ó tó fi dígírì kan ṣoṣo kún omi lítà 500. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rà á tí wọ́n sì ń sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́, omi ni ó pọ̀ jù fún un. Ẹ pa ẹyin yín sínú ọpọ́n rọ́bà tí ó gba lítà 100, ẹ̀rọ kan náà yóò sì fi dígírì kan kún un láàárín ìṣẹ́jú 25, kìkì pé omi kékeré a tún máa tètè tutù bí iná bá lọ, nítorí náà ẹ fi fóòmù tàbí àpò àlòkù wé ara ọpọ́n náà, kí ẹ sì fi ọ̀rá bo apá kan orí rẹ̀.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn

Mo dúpẹ́ púpọ̀, ìyá mi àti bàbá mi. Mo ra tẹmómítà lánàá. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ yìí, omi táńkì náà wà ní 21. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó ti gun 27. Abẹ́ páànù ni táńkì náà wà, kò sì sí ògiri yí i ká. Ojú tì mí díẹ̀, nítorí n kò tilẹ̀ rò ó rí pé omi inú sìmẹ́ńtì lè yí padà tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Olùkọ́ Ẹlẹ́ja, Abẹ́òkúta

Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Dígírì mẹ́fà láàárín àárọ̀ àti ọ̀sán kì í ṣe nǹkan àjèjì ní àsìkò ọyẹ́ fún táńkì tí kò jìn tí ó sì wà ní gbangba. Àgbà ẹja àrọ̀ lè fara dà á, yóò kàn má jẹun dáadáa ni. Ẹyin àti ọmọ tuntun ni kò rí ibi sá sí.

Ìdí ni pé ẹja kì í ṣe ẹ̀dá tí ń mú ara rẹ̀ gbóná bí adìẹ tàbí ewúrẹ́. Bí omi bá ṣe wà ni ara rẹ̀ ṣe ń wà, gbogbo iṣẹ́ tí ń lọ lábẹ́ awọ rẹ̀ sì ń yá tàbí ń falẹ̀ pẹ̀lú omi náà. Ẹ wo iye tí ìyá wa láti Ìkòròdú kọ sókè. Bí ẹ bá sọ 30 di púpọ̀ lọ́nà 20, ẹ ó rí 600. 28 lọ́nà 22 yóò fún yín ní 616. Ṣùgbọ́n 20 lọ́nà 57, 1140 ni. Bí ó bá jẹ́ pé òtútù kàn ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn níwọ̀nba ara rẹ̀ ni, iye wọ̀nyí ì bá súnmọ́ ara wọn. Ohun tí wọ́n ń fi hàn ni pé bí omi bá ti wọ ìsàlẹ̀ 24, ìfàsẹ́yìn náà a máa gorí ara rẹ̀, títí ẹyin yóò fi pẹ́ lórí nẹ́ẹ̀tì ju bí ó ti yẹ lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkú ẹyin tí èébu ti bò. Òwú funfun tí ẹ rí kì í ṣe ohun tí ó kọ́kọ́ pa wọ́n. Orí òkú ni ó ti bẹ̀rẹ̀, àkókò ni ó rí tí ó fi ràn dé ọ̀dọ̀ alààyè.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn tí ń ra ọmọ ẹja kì í mọ̀, òun ni mo sì fẹ́ fi àyè sí. Ìwọ̀n ìgbóná tí ẹyin bá pàdé kò parí síbi pé ó tètè pa tàbí ó pẹ́. Ní ọdún 2009, Ian Johnston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì St Andrews ní Skọ́tílándì tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí ẹja kékeré abilà tí a ń pè ní zebrafish. Wọ́n tọ́jú ẹyin rẹ̀ nínú omi dígírì 22, 26 àti 31, lẹ́yìn tí ó pa ni wọ́n wá tọ́ gbogbo ọmọ náà nínú ìwọ̀n ìgbóná kan náà títí wọ́n fi dàgbà. Fọ́nrán iṣan ara àwọn tí ẹyin wọn ti wà ní 26 ni ó pọ̀ jù lọ, ó ju ti àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú òtútù lọ, ó sì ju ti àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ooru lọ pẹ̀lú. Iṣan ni ẹran tí à ń jẹ. Ẹja abilà kì í ṣe àrọ̀, n kò sì ní gba nọ́ńbà tirẹ̀ kí n fi lé àrọ̀ lórí, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ọjọ́ díẹ̀ tí ẹja náà lò nínú ẹyin ni ó pín wọn níyà, kò sì sí oṣù tí wọ́n lò pọ̀ lẹ́yìn náà tí ó mú wọn dọ́gba. Nítorí náà, nígbà tí oníbàárà bá sọ pé ẹja òun kò gbọ́ oúnjẹ, tí ó sì ń pààrọ̀ oúnjẹ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, èmi a máa bi í léèrè inú oṣù wo ni wọ́n pa ọmọ tí ó rà.

Ẹlẹ́ja Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò kúkú gbé omi náà lọ sí 33 tàbí 34, kí ẹyin tètè pa, kí ọmọ sì tètè dàgbà? Òtútù Èkìtì ti sú mi. Mo ti ra ẹ̀rọ mẹ́ta.

Olùkọ́ Ẹlẹ́ja, Abẹ́òkúta

Ẹ tún ohun tí mo kọ sókè kà, ẹ ó rí i pé àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 31 náà kò tó ti àárín. Ooru tí ó pọ̀ jù a máa mú kí ara yára ju bí egungun ti lè tò lọ, èyí ni ó ń mú kí ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ tàbí tí ìrù rẹ̀ ká pọ̀ nínú omi gbígbóná gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń pọ̀ nínú omi tí ń gòkè tí ń sọ̀. Omi gbígbóná kì í sì í gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn mọ́ra bí omi tútù: lítà omi kan ní dígírì 20 lè gba nǹkan bí mílígírámù 9, ṣùgbọ́n ní dígírì 30, ó ti wálẹ̀ sí 7 àti ààbọ̀. Àgbà àrọ̀ lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́. Ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé bí ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì ní ẹ̀yà ara tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ́síjìn inú omi nìkan ni ó gbójú lé, bẹ́ẹ̀ ni àsìkò yẹn gan-an ni ara rẹ̀ ń béèrè ọ́síjìn jù nítorí ooru. Ìgbẹ́ àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́ kù a sì máa tètè di májèlé nínú omi tí ó gbóná.

Ooru tún ní iṣẹ́ kan tí ó ṣàjèjì. Wọ́n ti fi omi dígírì 36 tọ́ ọmọ tìlápíà fún ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí ẹyin gba àtọ̀, akọ sì pọ̀ ju abo lọ nínú wọn. Àwọn olùwádìí ti rí irú rẹ̀ nínú àrọ̀ pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n lo ìgbóná kan náà láàárín ọjọ́ kẹfà sí ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn tí ẹyin pa. Ẹ má lọ dán an wò lẹ́yìnkùlé o. Mo kàn mẹ́nu kàn án kí ẹ lè mọ bí ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyí ti lágbára tó ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ mẹ́ta náà gbé omi yín sí 27 tàbí 28, kí ó sì dúró síbẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkòròdú

Kí ó dúró, ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. Mo fẹ́ràn 26 tí kò yẹ̀ ju 29 tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kànga ẹ̀rọ, ẹ ní ohun tí ẹ kò tíì lò. Omi tí ó ti inú ilẹ̀ jinjin wá kì í mọ̀ pé ọyẹ́ dé. Bí ẹ bá fà á ní aago márùn-ún ìdájí tí ẹ sì wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀, yóò sábà wà ní 26 sí 28, nígbà tí èyí tí ó sùn sínú táńkì dúdú lórí òpó ti di omi yìnyín. Àmọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ kò ní ọ́síjìn tó, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó máa já láti òkè gba inú rọ́bà oníhò bọ́ sílẹ̀, tàbí kí ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sí i fún bíi wákàtí kan nínú ilé, kí ẹ tó jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹyin. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, táńkì dúdú kan náà yóò ṣe òdìkejì, omi inú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bó adìẹ. Mo ti fi irú omi bẹ́ẹ̀ pa ọpọ́n ọmọ ẹja mẹ́rin rí, nítorí pé mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ láì kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn án.

Nǹkan kan ṣì kù lórí oúnjẹ. Wọ́n máa ń sọ pé ọjọ́ kẹta ni kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ní Artemia, ìyẹn ẹ̀dá tíntìntín inú omi iyọ̀ tí a fi ń bọ́ ọmọ ẹja. Ọjọ́ kẹta jẹ́ ti omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí omi bá tutù, àpò oúnjẹ tí wọ́n gbé wá láti inú ẹyin kì í tètè tán, ẹni tí ó bá sì da oúnjẹ sí i nítorí pé kàlẹ́ńdà sọ bẹ́ẹ̀, omi ni ó ń bọ́. Ikùn wọn ni kí ẹ máa wò. Àìdọ́gba tí Ìsẹ́yìn rí, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá: èyí tí ó pa ní ọ̀sán tí omi gbóná ti ń jẹun nígbà tí àbúrò rẹ̀ tí ó pa lóru ṣì ń dùbúlẹ̀, ọjọ́ kan péré sì tó fún àrọ̀ láti di ẹni tí ó lè gbé ọmọ ìyá rẹ̀ mì. Ẹ tètè ṣà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àárẹ̀ Ìlọrin

Mo rí i pé kò tíì sí ẹni tí ó dárúkọ èédú, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ń gbé ìkòkò èédú sínú yàrá tí ọpọ́n wà lálẹ́. Yàrá a máa gbóná lóòótọ́, omi náà a sì máa lọ́ díẹ̀díẹ̀ láìsí ìdààmú. Ṣùgbọ́n ẹ má sùn sínú yàrá náà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ yín sùn síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde lára èédú kò ní òórùn, kì í sì í jí ènìyàn lójú oorun. Ẹ ṣí fèrèsé apá òkè sílẹ̀, kí ẹ sì máa wọlé wo tẹmómítà kí ẹ tún jáde.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn

Mo padà wá jábọ̀. Mo kó ohun gbogbo wọ inú yàrá kan tí ó ní ògiri, mo lo ọpọ́n lítà 100 mẹ́ta, mo fi fóòmù wé wọn, omi kànga ẹ̀rọ tí mo ti fẹ́ atẹ́gùn sí ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Omi ìyá ẹja wà ní 27 láti ìrọ̀lẹ́. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo gún un. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, mo kàn fi àtàǹpàkò ra ikùn rẹ̀, ẹyin sì ń dà bí ẹni da jéró. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí wọ́n ti ń pa, kí n sì tó jẹun ọ̀sán, ó ti parí. Òwú funfun wà, ṣùgbọ́n ó kéré. Lóru kan tí iná lọ, kẹ́ẹ̀gì méjì ti Bàbá Alárọ̀ ni ó gbà mí là, nítorí omi kò wálẹ̀ ju 25 lọ. Mo ti lọ kí ẹni tí ó ta abẹ́rẹ́ fún mi, n kò sì sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀ fún un.

Wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí. Ẹnìkan fẹ́ wá láti Ṣakí ní ọjọ́ Sátidé láti ra 2,000 nínú wọn. Ǹjẹ́ nǹkan kan wà tí ó yẹ kí n ṣe kí wọ́n tó kúrò lọ́wọ́ mi?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkòròdú

Bi í léèrè iye tí omi adágún tirẹ̀ wà, kì í ṣe ní ọ̀sán tí yóò pè ọ́, ní ìdájí. Bí ó bá jẹ́ 23, má kó ọmọ tí ó ń gbé inú 28 fún un lójijì. Jẹ́ kí omi tìrẹ máa wálẹ̀ ní dígírì kan lójúmọ́ láti òní lọ. Ní ìdájí ni kí ó gbé wọn lọ. Bí ó bá délé, kí ó fi àpò náà lé orí omi adágún fún 20 ìṣẹ́jú, kí ó máa bu omi adágún sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn

Mo pè é. Ó ní òun kò ní tẹmómítà, pé omi òun tutù dáadáa. Mo ti bá a ra ọ̀kan ní ọjà, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí i nínú ọkọ̀ tí ó lọ sí Ṣakí ní àárọ̀ yìí.